Ìgò Méjì

Lálẹ́ Ọjọ́rú, bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ilé-iṣẹ́ irin
níbi tí èéfín ti ń bá yìnyín wọ̀yá ìjà,
ó já mi sẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, ní Hamilton.
Èmi kọ́ ni dókítà. Èmi kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́.
Èmi ni mo ń pààrọ̀ ẹní abẹ́ àwọn eku,
tí mo ń fọ àgò wọn, tí mo ń rọ omi sí ìgò.

Ìgò méjì ló wà lára àgò kọ̀ọ̀kan:
ọ̀kan, omi lásán;
èkejì, omi tí wọ́n po funfun ẹyin mọ́.
Eku tí kò tíì kó sí wàhálà, omi ẹyin ló ń sá bá.
Ṣùgbọ́n àwọn ti apá òsì,
àwọn tí ara wọn ti bá ẹyin ṣọ̀tá láti oṣù tó kọjá,
wọ́n á dé ìdí ìgò, wọ́n á lá ẹ̀kán kan,
irùngbọ̀n wọn á gbọ̀n pẹ́ẹ́,
wọ́n á kẹ̀yìn sí i.
Ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀.

Mo bi Dókítà Dragica, ọmọ ayọ́rin,
ẹni tí kì í gbàgbé láti kí mi:
ta ló kọ́ wọn?
Ó ní, oníbodè kékeré kan ló wà nínú ẹ̀jẹ̀.
Òun ló ń dá ẹyin mọ̀ lẹ́nu ibodè ìfun,
òun ló ń lọgun tí ọpọlọ fi ń gbọ́.
Ó ní, wo àwọn ti ìsàlẹ̀ yẹn,
a bí wọn láìní oníbodè.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò wọ́n.
Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń mu ún,
bí àlejò tí kò gbọ́ pé ìlú ń jó.

"Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn o," ó tún sọ, "má tíì yára."
Ó ti pẹ́ jù. Mo ti yára.
Mo ti dé ilé, mo ti dé ìdí tábìlì,
ọdún kan àti oṣù méjì sẹ́yìn.

Tanímọ̀la, ọmọ ọdún mẹ́ta.
Mọ́ínmọ́ín tí mo fi ìsinmi mi sè,
ẹyin tí mo là sí méjì láàárín rẹ̀.
Ó fi ahọ́n kàn án, ó di ẹnu pin.
"Ó ń yún mi lọ́fun."
Oúnjẹ kì í yún ènìyàn, mo wí.
Ìyá mi lórí fóònù láti Ìkìrun ní, má gbà fún un.
Mo pè é ní alágídí. Mo pè é ní ọmọ òyìnbó.
Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé ṣà.
Ẹyin méjì ni mo fi bọ ọmọ mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Ètè rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó jẹ íísì.
Èémí rẹ̀ ń súfèé.
Áńbúláǹsì ké gba òpópónà Barton,
abẹ́rẹ́ gba orí ṣòkòtò wọ itan,
ojú rẹ̀ sì wà lára mi,
kò bínú. Ìyẹn ló pa mí.

Ìbéèrè ni mo rò pé orúkọ rẹ̀ jẹ́.
Ta ni mọ̀la?
Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ọ̀la lọ́jọ́ yẹn,
ọ̀fun rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo wọlé, ọwọ́ mi ń run ọṣẹ àgò.
Ó ti jí. Mo bu ògì fún un, mo fi ṣúgà sí i.
Ó gbé ṣíbí, ó dúró,
ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì,
ihò imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé.
Tẹ́lẹ̀, mi ò bá ti sọ̀rọ̀.
Mo jókòó tì í pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn.
Ògì ń tutù. Kó máa tutù.